Níbo ni acceleration wà lórí gíráàfù ipò àti àkókò?

Awakọ̀ Ọ̀jọ́ọ̀

Ẹ kú ilé o, ẹ sì kú iṣẹ́. Ọmọ mi obìnrin wà ní SS2. Iṣẹ́ àmúrelé fìsíìsì kan ló gbé wá bá mi lálẹ́ àná, àwa méjèèjì ò sì tètè sùn. Gíráàfù ni. Wọ́n fi àkókò sí ìsàlẹ̀, wọ́n fi ipò mọ́tò sí ẹ̀gbẹ́, wọ́n wá fa ìlà kan. Ìlà náà kọ́kọ́ ń rọra gòkè, ó wá ń yára gòkè sí i, lẹ́yìn náà ó ń gòkè tààrà fún ìgbà díẹ̀ láìtẹ̀. Ó wá tẹ̀ títí ó fi sùn gbalaja, ó wà bẹ́ẹ̀ díẹ̀, kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀, bó sì ṣe ń sọ̀ ló ń sọ̀ kánkán sí i. Ìbéèrè wọn ni pé: níbo ni acceleration ti gba àmì ìròpọ̀ (+), níbo ló ti gba àmì ìyọkúrò (−), níbo ni kò ti sí rárá?

Ọmọ náà ti kọ́kọ́ kọ ọ́ pé ibi tí ìlà ti ga jù ni acceleration ti pọ̀ jù. Wọ́n fagi lé e, wọ́n ní kó lọ tún un ṣe. Èmi wá sọ fún un pé kó kọ ibi tí ìlà ti gun òkè fíofío jù, ìyẹn apá tó lọ tààrà yẹn. Ó ní tíṣà ti sọ ní kíláàsì pé ìyẹn náà kọ́.

Ó ti pé ọdún 19 tí mo ti ń wa Micra ní ìlú Ìbàdàn yìí. Acceleration àti accelerator tí mo ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, orúkọ kan náà ni. Ẹsẹ̀ mi mọ̀ ọ́n, ojú mi ni ò rí i lórí ìwé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí i. Ọmọ náà fẹ́ràn ẹ̀kọ́ yìí, mi ò fẹ́ kó sú u.

Tíṣà Mọ́kọ́lá

Bàbá, ẹ kú àbójútó ọmọ. Àṣìṣe méjèèjì tí ẹ kà sílẹ̀ yẹn ni mo máa ń rí jù lọ nínú ìwé àwọn ọmọ, ọdọọdún sì ni. Ohun tó fà á ni pé ohun mẹ́ta ni ìlà yẹn ń sọ lẹ́ẹ̀kan náà, ojú sì máa ń dúró sórí àkọ́kọ́ tàbí ìkejì láìdé ìkẹta.

Ẹ jẹ́ ká sọ pé Dúgbẹ̀ la ti bẹ̀rẹ̀ sí í wọn ọ̀nà, tí mọ́tò ń lọ sí Mọ́kọ́lá. Bí ìlà ṣe ga tó, ibi tí mọ́tò wà nìkan ló ń sọ. Mọ́tò tó ti dé Mọ́kọ́lá, tó ti páàkì, tí èrò ti bọ́ sílẹ̀ tí ẹ sì ti pa ẹ́ńjìnnì, ìlà tiẹ̀ ga gan-an lórí gíráàfù. Ṣé ó ń sáré ni? Ìdáhùn ọmọ yín nìyẹn, ìdí sì nìyẹn tí wọ́n fi fagi lé e.

Bí ìlà ṣe dàgẹ̀rẹ̀ tó, ìyẹn ni ìyára. Bí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ rẹ̀ bá le, mọ́tò ń sáré. Bó bá sùn gbalaja, mọ́tò dúró. Bí ìlà bá ń gòkè, ẹ ń lọ sí Mọ́kọ́lá; bó bá ń sọ̀, ẹ ń padà sí Dúgbẹ̀, ìyára yẹn á sì gba àmì ìyọkúrò. Ìdáhùn tiyín nìyẹn. Ẹ sún mọ́ ọn ju ọmọ lọ, àmọ́ ìyára lẹ rí, kì í ṣe acceleration.

Acceleration ni bí ìyára ṣe ń yí padà, nítorí náà inú bí ìdàgẹ̀rẹ̀ yẹn ṣe ń yí padà ló wà. Ẹ wo aago eré tó wà níwájú yín nínú mọ́tò. Ibi tí ọwọ́ aago náà wà ni ìdàgẹ̀rẹ̀ ìlà. Bí ọwọ́ aago bá ń rìn, acceleration wà. Bó bá dúró sójú kan, yálà lórí 20 ni o tàbí lórí 80, acceleration kò sí. Ọ̀nà tó já geere ní àárọ̀ ọjọ́ Àìkú, tí ẹ di ọgọ́ta mú tí ẹsẹ̀ yín ò mì: lórí gíráàfù, ìlà tó tọ́ bí ọ̀pá tó sì gun òkè dáadáa nìyẹn. Acceleration rẹ̀ jẹ́ òdo.

Nítorí náà, ẹ má wá a níbi gíga, ẹ má sì wá a níbi gígùn òkè. Inú títẹ̀ ìlà ni kẹ́ ẹ ti wá a.

Akẹ́kọ̀ọ́ Agbowó

Ẹ kú àlàyé, Tíṣà. Bàbá wa, igbá ló gbà mí sílẹ̀ nígbà tí mò ń múra WAEC, ẹ jẹ́ kí n fi han ọmọ yín.

Ìlà tó bá tẹ̀ bí igbá tí a gbé kalẹ̀ láti bu omi sí, acceleration rẹ̀ gba +. Èyí tó bá tẹ̀ bí igbá tí a dojú rẹ̀ dé, ó gba −. Èyí tí kò tẹ̀ rárá jẹ́ òdo.

Àmọ́ ibì kan wà tó máa ń ṣi àwọn èèyàn lọ́nà. Odindi igbá kọ́ ni wọ́n máa ń yà sórí gíráàfù, àkúfọ́ rẹ̀ ni. Ẹ fi ọkàn yín la igbá tó ṣíjú sókè sí méjì. Ìlàjì apá òsì ń sọ̀ kalẹ̀, ó ń rọ̀ bó ṣe ń dé ìdí igbá. Ìlàjì apá ọ̀tún ń gòkè, ó ń le sí i bó ṣe ń dé ẹnu. Ọ̀kan ń sọ̀, ọ̀kan ń gòkè, síbẹ̀ igbá kan náà ni àwọn méjèèjì, + sì ni àwọn méjèèjì. Bẹ́ẹ̀ náà ni igbá tí a dojú dé: ìlàjì tó ń gòkè àti ìlàjì tó ń sọ̀, − ni wọ́n. Ọmọ tó bá ń wo òkè àti ìsàlẹ̀ nìkan á gba méjì, á pàdánù méjì.

Mẹkáníìkì Ìwó Road

Ẹ má jẹ́ kí ọ̀rọ̀ gùn jù fún bàbá yìí. Ẹ sọ fún ọmọ náà pé + ni kí ẹsẹ̀ wà lórí accelerator, − ni kí ẹsẹ̀ wà lórí búréèkì. Ó tán.

Tíṣà Mọ́kọ́lá

Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, mo ní láti tako yín níbẹ̀ nítorí pé ọmọ tó bá gbé òfin yẹn wọ ìdánwò máa ṣubú lórí apá tó kẹ́yìn nínú gíráàfù yìí gan-an.

Ẹ padà wo ohun tí bàbá kọ: ìlà ń sọ̀ kalẹ̀, ó sì ń sọ̀ kánkán sí i. Mọ́tò ń padà sí Dúgbẹ̀, eré rẹ̀ sì ń pọ̀. Ẹsẹ̀ awakọ̀ wà lórí accelerator. Àmọ́ igbá tí a dojú dé ni títẹ̀ ìlà yẹn, − sì ni acceleration. Òfin yín máa sọ pé búréèkì ló ń tẹ̀, bẹ́ẹ̀ iná ló ń fún un.

Àmì + àti − kì í sọ pé eré ń pọ̀ tàbí ó ń dínkù. Apá ibi tí a ń ti mọ́tò sí ló ń sọ. + ń ti mọ́tò sí ọ̀nà Mọ́kọ́lá, − ń tì í sí ọ̀nà Dúgbẹ̀. Bí mọ́tò bá ń lọ sí apá ibi tí a ń tì í sí, eré á máa pọ̀. Bó bá ń lọ sí òdìkejì rẹ̀, eré á máa dínkù. Nítorí náà àmì méjì lọmọ gbọ́dọ̀ wò, ti ìyára àti ti acceleration. Bí wọ́n bá jọra, eré ń pọ̀. Bí wọn ò bá jọra, eré ń dínkù.

Mẹkáníìkì Ìwó Road

Mo gbà. Ẹsẹ̀ ni mo mú, mi ò ka ọ̀nà kún un. Rìfáàsì ló jẹ́ kó yé mi: ẹsẹ̀ lè wà lórí accelerator kí mọ́tò máa lọ sẹ́yìn, eré ọ̀hún á sì máa pọ̀. Ẹ ṣeun, Tíṣà.

Tíṣà Mọ́kọ́lá

Ẹ mú àpẹẹrẹ tó dára jù tèmi wá. Ẹ jẹ́ kí n fi èyí kún un: gíráàfù yẹn kò lè sọ fún wa bóyá mọ́tò yí orí padà kó tó máa bọ̀ ní Dúgbẹ̀, tàbí rìfáàsì ló fi ń bọ̀. Ipò nìkan ló mọ̀. Ibi tí imú mọ́tò kọ sí kò sí níbẹ̀.

Ìyá Télọ̀ Mọ́lété

Ẹ kú ọ̀rọ̀ o. Èmi kì í ṣe tíṣà, àmọ́ ọmọ mẹ́ta ni mo ti bá ka ìwé yìí títí wọ́n fi jáde, ojú mi sì ti mọ́ ìlà tó tẹ̀ látàrí ọrùn aṣọ àti abẹ́ apá tí mò ń gé. Ohun tí mò ń lò fún wọn nìyí, kò gba ìṣirò kankan.

Ẹ mú rúlà tó tọ́. Ẹ gbé e sórí gíráàfù kí etí rẹ̀ kan ìlà níbì kan ṣoṣo, kó fara kan án láìgé e kọjá. (Ìyẹn ni wọ́n ń pè ní tangent.) Ẹ wá máa sún un láti òsì lọ sí ọ̀tún lẹ́bàá ìlà, kẹ́ ẹ jẹ́ kí ìlà fúnra rẹ̀ máa darí rúlà. Ẹ má wo ibi tí rúlà dé, ẹ wo bó ṣe ń yí lọ́wọ́ yín. Bó bá ń yí bí ọwọ́ aago ṣe ń yí, − ni. Bó bá ń yí lódì sí ti aago, + ni. Bó bá ń lọ tí kò yí rárá, òdo ni, ì báà dàgẹ̀rẹ̀ tó báwo.

Ọmọ mi kejì, igbá kò wọ̀ ọ́ lórí rárá. Àmọ́ láti ọjọ́ tó ti di rúlà mú, kò ṣì í mọ́. Mo rò pé nítorí pé ọwọ́ ló fi mọ̀ ọ́n ni. Bàbá Ọ̀jọ́ọ̀, ẹ̀yin náà fi ọwọ́ àti ẹsẹ̀ mọ nǹkan, ẹ dán èyí wò kẹ́ ẹ tó dán igbá.

Awakọ̀ Ọ̀jọ́ọ̀

Ọlọ́run á bù kún gbogbo yín. Mo ka gbogbo rẹ̀ ní páàkì níbi tí mo ti ń dúró de èrò. Rúlà yẹn dùn mọ́ mi, màá gbé e délé.

Ohun méjì ló kù tí kò yé mi. Àkọ́kọ́: nínú ìwé ọmọ náà, gíráàfù kan wà tí kò ní títẹ̀ kankan, igun ṣóńṣó ló ní. Ìlà gòkè tààrà, ó kan ṣẹ́, ó sì sùn gbalaja. Níbo ni acceleration wà nínú ìyẹn? Ìkejì: ọmọ náà ní bí wọ́n bá ju bọ́ọ̀lù sókè, níbi tó ti dé òkè pátápátá, ó dúró, nítorí náà acceleration rẹ̀ níbẹ̀ jẹ́ òdo. Mo fẹ́ sọ fún un pé bẹ́ẹ̀ ni, mo wá dákẹ́.

Tíṣà Mọ́kọ́lá

Ó dáa tí ẹ dákẹ́.

Igun ṣóńṣó yẹn, ẹ bi ara yín pé: ṣé Micra yín lè ṣe é? Ẹ wà lórí ọgọ́ta, lójú ẹsẹ̀ ẹ wà lórí òdo, láìkọjá 50, láìkọjá 30. Kò sí mọ́tò tó lè ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí pé acceleration ibẹ̀ kò ní iye kankan tí a lè kọ. Àwọn tó ń ya ìwé ló dá a kúrú kó lè rọrùn láti fi rúlà fà. Nínú ìdánwò, kí ọmọ kọ òdo fún apá tó gòkè tààrà, kó kọ òdo fún apá tó sùn, kó sì mọ̀ pé ojú igun yẹn nìkan ni ìyára ti yí padà.

Ti bọ́ọ̀lù ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ jókòó tì pẹ̀lú ọmọ. Gíráàfù gíga bọ́ọ̀lù sí àkókò jẹ́ odindi igbá tí a dojú dé. Ní ténté rẹ̀, rúlà Ìyá Télọ̀ sùn gbalaja, òótọ́ ni, ìyára jẹ́ òdo níbẹ̀. Àmọ́ ṣé rúlà náà dáwọ́ yíyí dúró? Rárá. Ó ń yí bọ̀ láti òsì, ó kọjá ibi tó ti sùn, ó sì ń yí lọ. Acceleration bọ́ọ̀lù ní òkè pátápátá jẹ́ nǹkan bí mítà 9.8 fún ìṣẹ́jú àáyá kan lórí ìṣẹ́jú àáyá kan, sí ìsàlẹ̀, bó ṣe rí nígbà tó ń gòkè, bó ṣe máa rí nígbà tó ń bọ̀. Ká ní òdo ni lóòótọ́, bọ́ọ̀lù tó dúró tí ìyára rẹ̀ kò sì yí padà kò ní bọ̀ mọ́, inú afẹ́fẹ́ ni ì bá wà.

Kí ó fi ìyẹn wé mọ́tò tó páàkì. Ìlà mọ́tò sùn fún ìgbà pípẹ́, òun ló jẹ́ kí acceleration jẹ́ òdo. Ìlà bọ́ọ̀lù kan kọjá ní sísùn fún ojú kan péré.

Ọmọ Láàbù Sámóńdà

Ẹ jẹ́ kí n mú nọ́ńbà wá, nítorí pé lọ́jọ́ kan wọ́n máa ní kí ọmọ náà wá iye rẹ̀, wọn ò ní béèrè àmì nìkan.

Ẹ ka ipò nǹkan náà ní àkókò tó dọ́gba. Ẹ yọ ipò kọ̀ọ̀kan kúrò nínú èyí tó tẹ̀ lé e. Ẹ tún yọ àwọn ìyàtọ̀ yẹn kúrò lára ara wọn. Ìyàtọ̀ ẹlẹ́ẹ̀kejì yẹn lẹ máa pín sí àkókò tí ẹ fi sáàárín kíkà kan sí èkejì, lẹ́ẹ̀mejì, ẹ ti rí acceleration.

Bí àpẹẹrẹ, bọ́ọ̀lù tí a jẹ́ kó já bọ́ láti ọwọ́, tí afẹ́fẹ́ ò bá dí i lọ́wọ́, ohun tó yẹ kẹ́ ẹ kà ní gbogbo 0.1 ìṣẹ́jú àáyá ni: 0, 4.9, 19.6, 44.1, 78.4 sẹ̀ǹtímítà. Ìyàtọ̀ wọn: 4.9, 14.7, 24.5, 34.3. Ìyàtọ̀ ìyàtọ̀ náà: 9.8, 9.8, 9.8. Ẹ pín 9.8 sí 0.1, ẹ tún pín in sí 0.1, ó di 980 sẹ̀ǹtímítà, ìyẹn mítà 9.8. Ẹ tún wo ìyàtọ̀ àkọ́kọ́ yẹn dáadáa: bí ẹ bá fi 4.9 pín gbogbo wọn, 1, 3, 5, 7 ló máa kù. Galileo, ará Ítálì, ti rí ètò 1, 3, 5, 7 yìí ní nǹkan bí 400 ọdún sẹ́yìn, nígbà tí kò tíì sí aago tó lè ka ìdá kékeré bẹ́ẹ̀.

Ní láàbù, ticker-timer là ń lò. Ó ń tẹ àmì 50 sórí tépù ní ìṣẹ́jú àáyá kan nítorí pé bẹ́ẹ̀ ni iná ìjọba ṣe ń gbọ̀n, nítorí náà àlàfo márùn-ún jẹ́ 0.1 ìṣẹ́jú àáyá. Bí iná bá lọ, iṣẹ́ dúró. Àmọ́ fóònù wà nílé. Ọ̀pọ̀ fóònù ń ya àwòrán 30 ní ìṣẹ́jú àáyá kan bí ẹ bá ń ya fídíò. Ẹ so tépù káfíńtà mọ́ ògiri, ẹ jẹ́ kí bọ́ọ̀lù já bọ́ níwájú rẹ̀, ẹ wá máa sún fídíò náà ní àwòrán mẹ́ta mẹ́ta, 0.1 ìṣẹ́jú àáyá nìyẹn.

Ibi tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ ṣọ́ra nìyí, àwọn ọmọ kì í sì í fetí sí i. Bí ojú yín bá ṣi ipò kọ̀ọ̀kan kà pẹ̀lú ìdajì sẹ̀ǹtímítà péré, nígbà tí ẹ bá yọ ìyàtọ̀ lẹ́ẹ̀mejì tán, àṣìṣe náà lè di odindi sẹ̀ǹtímítà 2. Lórí 9.8, sẹ̀ǹtímítà 2 kì í ṣe kékeré. Ẹ fi àkókò gùn sí i, ẹ sún un ní àwòrán mẹ́fà mẹ́fà, kó jẹ́ 0.2. Ìyàtọ̀ ẹlẹ́ẹ̀kejì á di 39.2, àṣìṣe yín ò sì ní ju 2 náà lọ. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń sọ fún wọn pé lórí gíráàfù ipò, ojú lásán lè fún yín ní àmì acceleration láìjanpata, ṣùgbọ́n kí wọ́n má fi ojú lásán sọ iye rẹ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́ Agbowó

Ẹ fi èyí náà kún un: bí nǹkan bá bẹ̀rẹ̀ láti ìdúró tí acceleration rẹ̀ ò sì yí padà, ẹ fi ipò sí ẹ̀gbẹ́ gíráàfù, ṣùgbọ́n àkókò tí a fi ara rẹ̀ sọ di púpọ̀ (t²) ni kẹ́ ẹ fi sí ìsàlẹ̀. Ìlà náà á tọ́. Ìdàgẹ̀rẹ̀ rẹ̀ jẹ́ ìlàjì acceleration. Ẹ má gbàgbé ìlàjì yẹn. Èmi gbàgbé rẹ̀ nínú ìdánwò kan, ó sì dùn mí di òní.

Awakọ̀ Ọ̀jọ́ọ̀

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. A ti ṣe é.

A kọ́kọ́ ṣe ti bọ́ọ̀lù. Ìyá rẹ̀ di tépù mú mọ́ ògiri, àbúrò rẹ̀ gun àga, èmi di fóònù mú. Ẹ̀ẹ̀mẹrin la ṣe é kí fídíò tó mọ́lẹ̀ dáadáa. Ní gbogbo 0.2 ìṣẹ́jú àáyá, a ka 0, lẹ́yìn náà 20, lẹ́yìn náà 78, lẹ́yìn náà 174. Ìyàtọ̀: 20, 58, 96. Ìyàtọ̀ ìyàtọ̀: 38, 38. Ọmọ náà pín in, ó di mítà 9.5. Ó pariwo débi pé àwọn aládùúgbò béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀.

Lẹ́yìn náà ló gbé gíráàfù iṣẹ́ àmúrelé wá pẹ̀lú rúlà. Ó ń sún rúlà, èmi ń wo bó ṣe ń yí. Nígbà tó dé apá tó lọ tààrà, tí rúlà ò yí mọ́, mo ṣàdédé sọ pé, "Ibí yìí ni mo ti fi ẹsẹ̀ sójú kan." Ó wò mí. Ó padà sí ìbẹ̀rẹ̀, ó ní, "Bàbá mi, ibí yìí ńkọ́?" Mo ní mo ń kúrò ní páàkì nìyẹn, mo ń tẹ̀ ẹ́. Ibi tí rúlà ti bẹ̀rẹ̀ sí í yí bí aago, mo ní mo ti bọ́ ẹsẹ̀ sórí búréèkì. Ibi tó sùn, èrò ń bọ́ sílẹ̀. Apá tó kẹ́yìn, òun fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́ kí n tó lanu: "Ẹ ti ń padà bọ̀ nílé, ẹ tún ń tẹ̀ ẹ́, àmọ́ − ni."

Ó mú bírò, ó kọ +, òdo, −, òdo, − sí abẹ́ apá kọ̀ọ̀kan. Lábẹ́ àmì kọ̀ọ̀kan, ó fi lẹ́tà kéékèèké kọ ohun tí ẹsẹ̀ mi ń ṣe.